Ẹ̀wù Ọ̀rá

Dókítà Náyà yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi
lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní Hull,
òjò ń fi ìka wínníwínní kan fèrèsé.
Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú, ọkàn yín nìyí."
Mo wò ó.
Ọkàn mi tí mo rò pé ìhòòhò ló wà,
ó wọ ẹ̀wù.

Ẹ̀wù ọ̀rá, ó nípọn níhìn-ín, ó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún,
bí aṣọ tí télọ̀ fi ìkánjú rán.
Mo ní irọ́ ni. Ẹ wò mí,
èmi tí wọ́n ń pè ní Ẹyọ-Ìgbálẹ̀ láti kékeré,
níbo lọ̀rá gbà wọlé?
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.
Ó ní ọ̀rá yìí kì í yọjú sínú dígí.

Iṣẹ́ rere ni wọ́n kọ́kọ́ rán an:
kó jẹ́ tìmùtìmù fún iṣan,
kó jẹ́ oúnjẹ ìpamọ́ fún ọkàn lọ́jọ́ àárẹ̀.
Ẹ̀ṣọ́ ni.
Àmọ́ ó sanra tán, ó wá ń sọ̀rọ̀,
ọ̀rọ̀ gbígbóná, tó ń kán tó, tó, sára iṣan ẹ̀jẹ̀,
nítorí kò sí ògiri láàrin òun àti ọkàn,
aṣọ kan ni wọ́n jọ ń bora.
Àwọn ọmọ-ogun ara gbọ́, wọ́n sáré dé,
wọn ò bá ọ̀tá, wọ́n ń yìnbọn sí òjìji.
Ibi tí wọ́n tẹ̀, ó wú, ó pọ́n, ó gbóná.
Kò sí ariwo. Kò sí èéfín.
Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo rántí ilé yìnyín tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lóru
lọ́nà èbúté, ọdún kọkànlá rèé:
ẹja kọ́ọ̀dù nínú páálí,
ìbọ̀wọ́ méjì-méjì, irùngbọ̀n tó ń di iyọ̀,
aago mẹ́ta òru, páì ẹran, ṣúgà mẹ́rin nínú tíì.
Gbogbo ìgbà tí mo ń mí èémí funfun jáde
tí mo ń ní òtútù yìí yóò pa mí,
iná ni mo gbé sáyà.

Ìbídùnní ò sọ nǹkan kan nínú bọ́ọ̀sì.
Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi láyà, lórí kóòtù,
bí ẹni tí ń yẹ ìkòkò wò bóyá ó ti tutù.
Ní Beverley Road ó ní,
"Páì yẹn, o ti jẹ èyí tó kẹ́yìn."
Mo ní mo gbọ́.
"Iṣẹ́ òru ńkọ́?"
Mo kọjú sí fèrèsé.

Lálẹ́, mo rìn dé etí odò Humber.
Mo rìn díẹ̀, mo dúró, mo tún rìn.
Ìwọ ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnì,
mo mọ̀ pé n kò lè bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.
Fọ́nrán kan lónìí, fọ́nrán kan lọ́la.
Èyí tí mo ń bẹ̀ ọ́ báyìí ò tó bẹ́ẹ̀:
dákẹ́ díẹ̀,
kí n gbọ́ ohun tí ọkàn ń sọ.