Ta Ló Ni Ṣọ́ọ̀bù Yìí?

Ojú ewé mọ́kànlá ni fọ́ọ̀mù náà.
Wọ́n béèrè ọjọ́ ìbí, wọ́n béèrè nọ́ńbà owó-orí,
wọ́n ní kí n kọ ọ́: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni tèmi?
Mo kọ ọgọ́rùn-ún. Mo wò ó.
Mo tún fi lẹ́tà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́,
kí bírò ẹnìkan má baà gé òdo kan kúrò lóru.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e lọ sí Ìbàdàn.
Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní ẹ̀yìn fọ́tò mi kò pupa tó.
Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ń gbà á ti lọ sìnkú.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbà á, kò wojú mi:
"Ẹ máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, a ó wá wò yín."
Láti Fìdítì títí a fi kọjá Ọ̀yọ́
ni orí mi ń lu fèrèsé mọ́tò.

Kí wọ́n tó dé, Gbádégẹṣin dé,
àbúrò ọkọ mi, pẹ̀lú páálí mílíìkì kan.
"Ìyàwó wa, orúkọ lásán ni mo fẹ́ yá.
Ẹ kàn fọwọ́ sí i, èmi ni n ó ṣiṣẹ́,
owó á bá yín nílé."
Orúkọ lásán!
Orúkọ tí wọ́n fi omi àti iyọ̀ sọ mí,
ṣé àga ni, tí wọ́n ń yá fún ìnáwó,
tí wọ́n á dá padà tòun ti ẹsẹ̀ kan tó ti yẹ̀?
Mo da mílíìkì rẹ̀ padà.
Rárá, irọ́ ni mo pa. Mo gbà á, a mu ún tán.
Owó ilé-ìwé ọmọ ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà.
Òru méjì ni mo fi sùn lé ọ̀rọ̀ náà
kí ẹnu mi tó lè sọ pé n kò ṣe.

Ọjọ́bọ̀ ni olùyẹ̀wò dé sí Arówómọlẹ̀.
Obìnrin ni, ó wọ bàtà funfun
wọ inú lẹ́búlẹ́bú pákó.
Obìnrin bíi tèmi, síbẹ̀ Làtúndé ló kọ́kọ́ kí,
ọmọ iṣẹ́ mi tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tí ì hù:
"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá."
Làtúndé bojú wo ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Mo kó ìwé jáde: rìsíìtì ẹ̀rọ ìrẹ́gi,
ìwé báńkì, ìwé ilẹ̀ tí bàbá mi tẹ̀ka sí.
Ó ní, "Ìwé ò tán an, màmá.
Lánàá, obìnrin kan kó ìwé ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù síwájú mi,
kò mọ iye búlọ́ọ̀kù tí àpò símẹ́ńtì kan ń gbé.
Kí ni n ó fi mọ̀ pé tiyín ni?"

Mo fẹ́ na ìka tí ayùn jẹ lórí sí i.
Mo fẹ́ sọ pé bí ẹ bá di ojú mi,
n ó fi imú ya afárá sọ́tọ̀ lára ìrókò.
Ẹnu mi wúwo.
Mo da dẹ́sìkì kan dojú délẹ̀.
Lábẹ́, níbi tí àwọn ọmọ ń lẹ ṣíńgọ́ọ̀mù mọ́,
pẹ́ńsùlù ti kọ ọ́: Ìbíwùmí, àti ọjọ́ tí mo parí rẹ̀.
Ó yí òmíràn. Ìbíwùmí.
Ó kúnlẹ̀ tòun ti bàtà funfun,
ó yí èyí tó ti ń gbé igun láti ọdún méje,
tí ẹni tó ní ká ṣe é kò padà wá san owó.
Pẹ́ńsùlù ti ń parẹ́.
Ó fi ìka tọ ọ́, lẹ́tà kan, lẹ́tà kan.

Ìwé-ẹ̀rí dé nínú oṣù Agẹmọ.
Iṣẹ́ kò tí ì dé.
Wọ́n ní ilẹ̀kùn lásán ni ìwé náà.
Mo mọ ilẹ̀kùn, èmi ni mo ń kàn án:
èyí tí kò bá ṣí, pákó ni.

Làtúndé ń kan férémù rẹ̀ lọ́wọ́. Igun kan wọ́.
"Tú u," mo wí.
"Orúkọ mi ló ń lọ síbẹ̀."