Mo Bèèrè Rìsíìtì

Ọ̀pá dúdú-funfun ló fi dá wa dúró,
ọ̀pá kékeré, bí ẹni ń da ewúrẹ́ padà lóko olóko.
Kò pariwo. Kò sáré.
Ọkọ̀ Qurbonsho fúnra rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń dúró sí.

Lápá ọ̀tún wa, odò Panj ń hó bí omi orí iná;
lódìkejì rẹ̀, ilẹ̀ Afiganísítáànì,
ọkùnrin kan ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì lọ
lójú ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀.
Ẹnikẹ́ni ò dá a dúró.

"Páásípọ́ọ̀tì." Mo fún un.
Ó ṣí i láti ẹ̀yìn wá síwájú,
ó gbé e sókè sí oòrùn bí ẹni ń yẹ ẹyin wò.
Ó wò mí, ó wo àwòrán mi,
ó tún wò mí, bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ń purọ́.
Ó ní òǹtẹ̀ kan ò sí níbẹ̀.
Òǹtẹ̀ wo?
Òǹtẹ̀ náà.
Ó fi ìka tẹ ojú ewé òfìfo:
ibí yìí ni ì bá wà, ká ní ó wà.
Igba sómónì.

Wọ́n ti kọ́ mi nílé àlejò ní Dushanbe:
rẹ́rìn-ín, má bínú, má ṣe gbọ́ èdè kankan,
bèèrè rìsíìtì,
kí o sì jókòó bí ẹni tó ní ọdún mẹ́ta lọ́wọ́.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbàgbé gbogbo èdè tí mo gbọ́,
mo fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́nu: "Kífítánsíà."
Ó ní ìwé rìsíìtì ti tán.
Mo fara yé e pé mo lè dúró
títí wọn ó fi tẹ òmíràn.

Mo jókòó sábẹ́ igi tí wọ́n ń pè ní tut.
Èso rẹ̀ funfun, ó ń já bọ́ sórí fìlà ọlọ́pàá,
sórí páásípọ́ọ̀tì mi lọ́wọ́ rẹ̀,
sórí itan Màmá Savsan
tó ń ṣà wọ́n jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò wo ẹnikẹ́ni lójú.
Fóònù ọlọ́pàá dún. Ohùn ọmọdébìnrin.
"Dada," ló ń pè é. Lọ́dọ̀ tiwọn, baba ni dada.
Ó yí ẹ̀yìn sí wa, ohùn rẹ̀ rọ̀.
Bàtà rẹ̀ lanu níwájú, òwú pupa ni wọ́n fi rán an.
N kò fẹ́ rí bàtà yẹn.

Ó pé wákàtí kan. Qurbonsho sọ̀ kalẹ̀,
ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tọwọ́tọwọ́, ó pẹ́,
bí ọkọ àti àna.
Páásípọ́ọ̀tì padà sọ́wọ́ mi. Ó ní kí n máa lọ ní àlàáfíà.

Mo gun ọkọ̀ bí ajagun tó ti ogun dé!
Mo ti ń to ìtàn náà fún àwọn ará ilé:
ọ̀pá ló gbé, ọgbọ́n ni mo gbé,
kọ́bọ̀ mi ò dín.

Ó di Rushon kí Màmá Savsan tó la ẹnu.
Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe ògbufọ̀, ojú ń tì í:
"Màmá ní, ṣé ẹ rí ọwọ́ Qurbonsho?
Ọgọ́rùn-ún sómónì ló wà níbẹ̀."

Àlejò lójú, kò fi ríran.

Mo bi Qurbonsho pé èéṣe.
Kò wẹ̀yìn. Kòtò ló ń yà fún.
"Ẹ̀yin, ẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan.
Èmi, lọ́la. Lọ́tùn-únla."

Ní Khorog, mo na ọgọ́rùn-ún sí i.
Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹyin.
"Kífítánsíà ńkọ́?" ló wí,
ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Lóru, mo ṣí páásípọ́ọ̀tì. Ewé méjì lẹ̀ mọ́ra.
Mo rọra yà wọ́n: èso tut kan ti fọ́ síbẹ̀,
ó rí róbótó, etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀,
ní ojú ibi tó fi ìka tẹ̀ gan-an.