Orúkọ Kan, Ṣíbí Kan

Ní Holyoke, níbi tí odò ti ya wọ kòtò tí àwọn oníléeṣẹ́ bébà gbẹ́ fún un,
tí iléeṣẹ́ ti kú, tí omi ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀,
mo ń bọ́ bàbá kan tí kò rántí ọmọ rẹ̀.

Eleuterio lorúkọ rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn
ní erékùṣù tí oòrùn kì í ti í ṣahun,
kí Migdalia tó lọ mú un wá sínú yìnyín.
Ó ti gbàgbé Migdalia. Ó ti gbàgbé bí a ti ń de bọ́tìnì.
Ṣùgbọ́n àwọn gómìnà tí ọba Sípéènì rán wá,
ó mọ̀ wọ́n tẹ̀léra tẹ̀léra, bí ahọ́n ti mọ eyín.

Mo wá dọ́gbọ́n sí i: orúkọ kan, ṣíbí ọ́ọ̀tì kan.
Bó bá ti dárúkọ, kó tó panu dé, ṣíbí ti wọlé.

Èyí tó mọ odi sétí òkun, tó jẹ gbèsè òkúta lọ: gbé e mì, Bàbá.
Èyí tí ibà pa lọ́jọ́ kọkànlá, tí àpótí aṣọ rẹ̀ kò tíì kúrò ní èbúté: gbé e mì.
Èyí tó gbowó orí lórí adìẹ.
Ó rẹ́rìn-ín síyẹn, ọ́ọ̀tì dà sí àgbọ̀n rẹ̀.
Èyí tó ń bẹ̀rù òkùnkùn, tí ẹrú mẹ́ta ń di fìtílà mú yí ibùsùn rẹ̀ ká mọ́jú.
N kò mọ èyí tó ṣẹlẹ̀, n kò mọ èyí tí orí tó ti rẹ̀ hun fúnra rẹ̀.
Èdè Sípáníìṣì tèmi kò ju ti ilé ìdáná lọ.

Nílé wa, ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá.
Ti Bàbá yìí, gómìnà mẹ́wàá, ìgbà kan náà.
Ọba a máa wàjà; gómìnà a máa wọkọ̀.
Ta ni yóò la òkun já lọ bi í léèrè lórí ibojì?

Tí a bá dé orí ìkọkànlélógójì, Bàbá á panu dé.
Eyín kan eyín. Ṣíbí á dúró lójú afẹ́fẹ́.
Mo lè ní oyin wà nínú rẹ̀, mo lè bẹ̀ ẹ́,
ojú rẹ̀ á wà lójú fèrèsé, níbi tí ọkọ̀ tó ń ha yìnyín ti ń ṣẹ́ná.
Lẹ́yìn náà ni yóò fò sí ìkejìlélógójì,
bí ẹni fo kòtò tó ti já sí rí.

Mo bi Migdalia lọ́jọ́ Àìkú, bó ti ń bọ́ bàtà yìnyín lẹ́nu ọ̀nà.
"Ìyẹn? Kò dárúkọ ẹ̀ fọ́mọ iléèwé kankan rí.
Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ torí ẹ̀.
Ìyá ńlá wọn kan ló ń fọṣọ onítọ̀hún."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó ń wá ibi tí yóò gbé bàtà sí.

Èmi náà ka tèmi, ní iléèwé ní Ìkìrun:
àwọn gómìnà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì rán sí wa,
pàṣán méjì fún orúkọ tí a bá fò.
Mo ṣì mọ̀ wọ́n. Mo mọ ẹni tó wà lórí àléfà lọ́dún tí wọ́n bí ìyá bàbá mi.
N kò mọ orúkọ obìnrin tó bí i.

Lálẹ́ àná, mo tún gbé ṣíbí sókè níbẹ̀.
Bàbá wò mí títí.
"Ṣé ìwọ náà ń fọṣọ?"
Mo wo ọwọ́ mi, tí ọṣẹ ilé ìtọ́jú ti bó.
Mo ní, "Mò ń fọṣọ, Bàbá. Mo sì ń fọ̀ ọ́."
Ó lanu. Kì í ṣe orúkọ gómìnà ló jáde.
Saturnina, ló wí.
Ó gba ṣíbí náà, ó gbé e mì,
ó sì tún lanu, ó ń retí.

Ọ́ọ̀tì ti tán nínú abọ́.
Mo dìde, mo lọ po òmíràn.