Ọjọ́ Kẹrin Epo

Ọmọlanke ni wọ́n fi gbé e wá láti Òkè-Bàlógun.
Ọkùnrin mẹ́ta ló tì í, ìkẹrin ń di orí rẹ̀ mú
bí ẹni ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn.
Ṣífáwù ní, "Maṣíìnì Bàbá mi nìyí.
Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lẹ́yìn ilé. Ṣé yóò yí?"
Mo fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò mì.
Ọ̀rinrin ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ti jẹ ẹ́ wọra,
ó ti dógùn-ún, ó pọ́n bí osùn tí ẹnikẹ́ni kò kùn.

N kò sọ fún un pé mo mọ irin yìí,
pé àpá tó wà létí tábìlì rẹ̀, èmi ni mo dá a,
lọ́jọ́ tí àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi
tí Ọ̀gá Mùdáṣírù ní kí n máa lọ sílé.
Mo lọ.
N kò padà. Òun náà kò ránṣẹ́.

Ọjọ́ kìíní, kẹrosíìnì.
Ọjọ́ kejì, kẹrosíìnì àti ọ́ìlì dúdú
tí mo tọrọ lọ́wọ́ atukọ̀ kan létí omi.
Ráṣákì ọmọ iṣẹ́ mi gbé òòlù:
"Màmá, ẹ jẹ́ n fún un ní ẹyọ kan péré."
Mo ní, gbé e sílẹ̀.
Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò,
ta ló sọ fún ọ pé igbe ní í yọ ṣúkúrù níhò?
Bí o bá fi ipá tú u, orí rẹ̀ á bó,
ìdí rẹ̀ á jókòó sínú irin,
a ó máa wò ó, yóò máa wò wá.

Ọjọ́ kẹta, mo fi iná tóóró yá a lára
títí irin fi làágùn.
Mo tún da epo sí i, ó mu ún, ṣìì,
bí ẹni tí òùngbẹ ti pa sùn.
Mo kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó, kó, kó,
bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò ṣílẹ̀kùn.

Ọjọ́ kẹrin, kí àwọn apẹja tó gúnlẹ̀,
ó fún mi ní díẹ̀. Kò ju ìbú èékánná lọ.
Mo tì í síwájú, mo fà á sẹ́yìn,
síwájú, sẹ́yìn,
omi pupa ń sun jáde lára rẹ̀.

Abẹ́ àwo irin ni mo ti rí i:
ṣónṣó abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́, òwú búlúù wé mọ́ ọn,
òwú aṣọ ilé-ìwé.
Ta ló ni yunifọ́ọ̀mù tí kò parí yìí?
Bóyá òun náà ti ń pọnmọ báyìí.

Kẹ̀kẹ́ yí. Ó kọ́kọ́ han gooro,
lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.
Ṣífáwù pàtẹ́wọ́, ó béèrè owó iṣẹ́.
Owó kẹrosíìnì nìkan ni mo dá lé e.
Ó wò mí. "Ṣé ẹ mọ Bàbá mi ni?"

Mo ń nu ọwọ́. Mo nu ún pẹ́.
Mo ní, "Máa fún un lépo ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀,
má sì gbàgbé ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.
Ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀ kò lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."