Sí Fọlárìn, Kó Tó Tan Kámẹ́rà

Fọlárìn, pa hítà yẹn ná.
Ariwo rẹ̀ wà nínú fídíò tí o fi ránṣẹ́ lánàá,
ó ń kùn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ bí àna tí a kò fún lẹ́ran.
Òtútù Hamilton á mú ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin,
kò ní pa ọ́.
Aṣọ búlúù tí o ta sára ògiri, lọ̀ ọ́.
Ojú ibi tí wọ́n ti ká a ní ṣọ́ọ̀bù ṣì hàn.

O pariwo. Mo gbọ́.
Ta ni o ń pariwo sí?
Lórí pèpéle tí o ti wá,
ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá sanwó, ó yẹ kó gbọ́.
Kámẹ́rà kò jókòó sẹ́yìn,
ó súnmọ́ ọ ju ẹni tó wá sin gbèsè.
Bí o bá ro nǹkan, á rí i.
Bí o kò bá ro nǹkan kan, á rí ìyẹn náà.

Má wá omijé kiri.
Ẹni tí ìbànújẹ́ ká mọ́ ìta, ṣebí ńṣe ló ń gbé e mì?
Gbé e mì. Jẹ́ ká rí ọ̀fun rẹ.

Tí ẹnìkejì bá ń sọ̀rọ̀,
má máa ka tìrẹ lábẹ́ ahọ́n.
Gbọ́ ọ, bí ìgbà tí ìyá rẹ pè lóru
tí kò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.
Etí ló ni iṣẹ́ yìí,
ẹnu kàn ń bá a gbé ẹrù ni.

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ti ṣe nọ́ọ̀sì:
nọ́ọ̀sì tó ṣílẹ̀kùn, nọ́ọ̀sì tó gbé fáìlì,
nọ́ọ̀sì tó ní, "Dókítà ń bọ̀."
Tó bá di alẹ́, mo ń wẹ Ọ̀gbẹ́ni Petrenko
nílé àwọn arúgbó ní Òpópónà Barton.
Ó ń pe ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, èmi ni mo ń jẹ́ ẹ.
Kò sí ẹni tó ń ké pé, "Ó tó!"
Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ èyí tí mo ń kọ́ ọ.

Wọ́n á ní kí o sọ̀rọ̀ bí ará Áfíríkà.
Rọra bi wọ́n: ará ibo? Ó kàwé dé ibo?
Ẹlòmíì á dúró, á ronú.
Ẹlòmíì á pe ẹlòmíì.
Iṣẹ́ méjì ló ti bọ́ lọ́wọ́ mi báyẹn;
owó ilé oṣù náà dùn mí, n ò ní purọ́.

Aṣojú tó bá gbowó kó tó wáṣẹ́, olè ni.
Ọwọ́ tí o fi gbé ife lẹ́ẹ̀kan, òun náà ni kó gbé e títí.
Téèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ni kó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú.
Tí o bá sì ti fi fídíò ránṣẹ́, lọ ra ìrẹsì.
Wọn kì í pè láti sọ pé rárá.
Ìdákẹ́ ni rárá wọn.

Ṣé mo ti sọ ti fíìmù ọjọ́sí fún ọ?
Ọjọ́ méjì nínú yìnyín, ọ̀rọ̀ mi gùn tó ojú ìwé kan.
Mo kó èèyàn méje láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí Toronto,
mo ra gúgúrú fún gbogbo wọn.
Wọ́n ti gé mi.
Obìnrin olórí eré ń sunkún, èjìká kan wà níwájú rẹ̀.
Ìyá Mopẹ́lọ́lá ní, "Ìwọ dà?"
Mo ní, "Èjìká yẹn."
A rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi tanná mọ́ wa lójú.
N kò rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ ojú irin tí a bá padà.

Lọ́dún tó kọjá, mo dá a wò nílé.
Fọlárìn, èjìká náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀.
Ó fẹ́ dìde, kò dìde.
Ó dára. Ó dára gan-an.

Ó yá, tan án.
N óò ka ti ẹnìkejì fún ọ lórí fóònù.
Hítà ńkọ́?