Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́rìnlá

Nílùú Naryn, lẹ́bàá odò tó ń dì gbagidi lóṣù Kejìlá,
èmi ni mo ń tan ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní kóòtù.
Máíkì mẹ́ta: ti adájọ́, ti agbẹjọ́rò, ti ẹlẹ́rìí.
Ti ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ ò sí. Inú àgò onírin ló wà;
bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á na ọrùn,
á gbóhùn sókè bí ẹni ń pe àgùntàn lódì kejì àfonífojì.
Iṣẹ́ tó ń ṣe náà nìyẹn, kí wọ́n tó ní ó jí ẹṣin.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti jókòó síbẹ̀.
Mo dá ikọ́ adájọ́ kan mọ̀ yàtọ̀ sí tòmíràn.
Mo mọ bí irọ́ ṣe ń dún nínú ohun tí mo fi bo etí:
a máa yára jáde, itọ́ a sì gbẹ lẹ́yìn rẹ̀.
Mo ti rò pé etí mi tó ojú.

Gulsunai wá dé, pẹ̀lú ìwé pélébé àti pẹ́ńsù
(bírò kì í kọ̀wé nínú òtútù wa).
Ó wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ẹjọ́ láìní ẹjọ́ kankan,
ìlà ìjókòó tó kẹ́yìn, nídìí ààrò tí kì í móoru.
Adájọ́ Jumashev bi í pé, "Kí lò ń kọ?"
"Ohun tí mo rí."
"Ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ gbogbo rẹ̀."
Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Agbẹjọ́rò ìjọba béèrè pé,
"Taalai, ṣé ìwọ fúnra rẹ lo fọwọ́ sí ìwé yìí,
tí ẹnikẹ́ni ò fipá mú ọ?"
Taalai ò la ẹnu.
Ó tú bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀.
Ó ká a, ó tún un ká, títí dé èjìká,
ó wá yí apá náà díẹ̀díẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé
bí ẹni ń fi aṣọ títà han oníbàárà.
Ìyá rẹ̀ dìde. Ọlọ́pàá kan fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jókòó.
Adájọ́ húkọ́.
"Ẹ máa bá a lọ."

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú àkọsílẹ̀: *Kò fèsì.*
Kì í ṣe irọ́.
Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n pè wá sí Bishkek,
èmi àti ẹ̀rọ mi, níwájú adájọ́ mẹ́ta.
A tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè dún, ó mọ́ gaara.
Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá:
aṣọ tó ń há, àga kan tó ké,
àti ikọ́.
"Ó jọ pé ẹ̀rọ yín bàjẹ́ níbí," ni ọ̀kan nínú wọn wí.
Ẹ̀rọ mi ò bàjẹ́ rí. Ojú ni ò ní,
bẹ́ẹ̀ ojú lọ̀rọ̀ wà.

Gulsunai ṣí ìwé pélébé, ó kà á láìgbóhùn sókè:
"Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù ọ̀tún.
Ojú ọgbẹ́ mẹ́rin; èyí tó gùn jù tó ìka àárín mi.
Agbẹjọ́rò ṣí ìwé tó ti kà tán.
Adájọ́ ń wo yìnyín.
Akọ̀wé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀."

Akọ̀wé. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó rántí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọn ò tíì dá ẹjọ́ náà. Mo ti padà sí Naryn.
Máíkì ṣì jẹ́ mẹ́ta; mo kọ̀wé béèrè ìkẹrin,
wọ́n ní kò sówó.
Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹnu bá ti pa mọ́ báyìí,
tí iná pupa kékeré náà ṣì ń tàn,
mo máa ń bọ́ ohun tí mo fi bo etí sílẹ̀,
mo sì máa ń gbójú sókè.