Kànga Ojúlé Kẹtàdínlógún

Èmi ni mo kọ́kọ́ fa omi náà.
Aago márùn-ún ìdájí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
wọn kò tíì tan jẹnẹrétọ̀ kankan ní Ṣómólú,
ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì ń sùn lójúlé-lójúlé
bí ẹran ọ̀sìn tó jẹun yó.
Mo ju dọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo fà á sókè,
mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: omi pọ́n.
Kò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn.
Ó pọ́n bíi sóbò tí wọ́n fi omi là.

Mo ké sí Ìyá Tápà. Ó wò ó, ó ní,
"Sàlámọ́tù, ó mà pupa o."
Gbogbo ohun tí àwa méjèèjì sọ nìyẹn.

Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ti wọ bàtà.
Kó tó dé ìdí oníbúrẹ́dì, ó ti di ẹ̀jẹ̀.
Ní ìsọ̀ àwọn tó ń gé bébà, ẹ̀jẹ̀ náà ń hó.
Nígbà tó fi kọjá Onípáànù, orí èèyàn mẹ́ta ló wà nínú kànga,
ọ̀kan nínú wọn sì ń sọ̀rọ̀.
Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.
Èyí balẹ̀, kò fọ́.
Ó pa, ó hu ìyẹ́,
ó fò lókè afárá Kẹta, a ò rí ìrù rẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án, ọmọ rédíò kan dé, ó na irin sí mi lẹ́nu.
Mo ní, "Orúkọ mi ni Sàlámọ́tù Gbọ́lágadé,
ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbé ibí,
nǹkan kan ló dà sómi wa, ẹ bá wa pe àwọn ará wọ́tà."
Ó ní òun ti gbọ́.
Ní aago mẹ́rin, mo gbọ́ ara mi:
"Ìyá arúgbó kan tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun
fi omijé sọ pé ilẹ̀ ń bínú."
Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí.
Ta ló sunkún?

Lọ́jọ́ kejì, ó di Àbújá.
Ẹnì kan tí kò mọ ọ̀nà Ṣómólú dìde nílé aṣòfin,
ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.
Nítorí ta ni?
Adìyẹ kan ṣoṣo ló kú ládùúgbò wa lọ́sẹ̀ yẹn,
lùkúlùkú ló sì pa á.
Àbúrò mi pè láti Yólà: "Ṣé ẹ ṣì wà láàyè?"
Mo ní mò ń ṣa ẹ̀wà.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Múdáṣírù kanlẹ̀kùn,
ọmọṣẹ́ ọ̀dọ̀ Alàgbà Fátọ́kí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún,
ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n dé ìgbọ̀nwọ́.
Ó ń fọ rólà lóru, agolo íǹkì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
"Mo ti sọ fún wọn, màmá.
Mo sọ fún ẹni tó gbé kámẹ́rà.
Ó ní kí n sún sẹ́yìn, mò ń dí kànga."

Wọ́n ti fi irin dé e báyìí.
Ọlọ́pàá méjì jókòó tì í, wọ́n ń ta ayò.
Kẹ́ẹ̀gì omi kan ti di ọ̀ọ́dúnrún náírà lọ́wọ́ mẹ́rúwà,
ìyẹn ò sí nínú ìròyìn.

Lóru ọjọ́ Ẹtì, ìwé ìròyìn tà ju agbára ẹ̀rọ wọn lọ,
wọ́n gbé àfikún rẹ̀ wá fún Alàgbà Fátọ́kí tẹ̀.
Mo gbọ́ ẹ̀rọ náà títí ilẹ̀ fi mọ́.
Múdáṣírù mú ọ̀kan wá fún mi, kò wò mí lójú.
Àkọlé rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn: KÀNGA Ẹ̀JẸ̀.
Mo fi ìka kàn án. Kò tíì gbẹ.
Agolo kan náà ni.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo na ìka síta,
mò ń wá omi tí n ó fi fọ̀ ọ́.